Èsì: “igi àìlèrà” kò bá ìrókò mu, kò bá apá mu

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Ẹ̀yin ará ilé, okun o.

Mo ti ka ohun tí Ẹ̀gbọ́n wa fi ránṣẹ́ lórí ìwé kékeré tí wọ́n ń túmọ̀ fún àwọn ọmọ iṣẹ́ káfíńtà. Ìbéèrè inú ìwé náà dára gan-an: bí èèyàn bá fẹ́ kan ilẹ̀kùn, tábìlì tàbí àga tí ọmọ rẹ̀ yóò bá nílé, ṣé ìrókò ni kó rà ni àbí apá? Ibi tó ti dùn mí ni orúkọ tí wọ́n dá fún igi méjèèjì pa pọ̀. Wọ́n ní “igi àìlèrà”, ìyẹn igi tí kò lè jẹrà, wọ́n sì ní ká fọwọ́ sí i kí ìwé tó dé ilé ìtẹ̀wé. Èmi ò fọwọ́ sí i. Kékeré la ti í pẹ̀ka ìrókò. Bí ọ̀rọ̀ yìí bá wọ ìwé tán, ta ni yóò yọ ọ́ lẹ́nu àwọn ọmọ?

Ẹ kọ́kọ́ yọ àmì orí rẹ̀ kúrò, nítorí bí wọ́n ṣe máa tẹ̀ ẹ́ nìyẹn, gbogbo wa la mọ̀. Ohun tó kù ni “igi ailera”. Ọmọ iṣẹ́ tó bá kà á, àìlera ni yóò pè é, torí òun ni ọ̀rọ̀ tó ti ń gbọ́ látilé. Igi apá tí ìṣó ń tẹ̀ lórí rẹ̀ wá di igi olókùnrùn.

Ẹ̀gbọ́n ní àwọn yóò rí i dájú pé àmì wà lórí gbogbo ọ̀rọ̀. Kò burú, ẹ jẹ́ ká fi àmì sí i: à-ì-lè-rà. Rà tí ó jẹ́ jíjẹrà, ohùn ìsàlẹ̀ ni. Rà tí a fi ń ná owó lọ́jà, ohùn ìsàlẹ̀ náà ni, bí kò bá ti sí àbọ̀, ìyẹn orúkọ ohun tí a rà, lẹ́yìn rẹ̀. Èwo wá ni etí yóò kọ́kọ́ gbọ́? Ẹ wo àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀: ẹran àìsè, ìwé àìkà, ọ̀rọ̀ àìlèsọ, ẹrù àìlègbé. Nínú gbogbo wọn, ọ̀rọ̀ orúkọ tó ṣáájú ni wọ́n ń ṣe nǹkan sí. Èèyàn ni kò se ẹran, èèyàn ni kò lè gbé ẹrù. Nítorí náà, igi àìlèrà ni igi tí èèyàn kò lè rà. Bí ẹ bá sọ ọ́ ní sọ́míìlì kan ní Kàbà, ní Kogi tiwa níbí, ohun tí wọn yóò gbọ́ ni pé owó yín ò ká igi yẹn, wọn yóò sì fi èyí tó rọjú hàn yín.

Ẹ̀gbọ́n fi Aísáyà orí 40, ẹsẹ 20, gbe ọ̀rọ̀ wọn lẹ́sẹ̀, níbi tí tálákà ti yan “igi tí kì yóò rà”. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ wo ohun tí àwọn tó túmọ̀ Bíbélì ṣe níbẹ̀ dáadáa. Wọ́n fi “tí” so gbólóhùn mọ́ igi, igi fúnra rẹ̀ sì di olùwà, ìyẹn ẹni tó ń ṣe nǹkan náà. Kò sẹ́ni tó lè gbọ́ ọjà rírà níbẹ̀. Wọn ò ki gbogbo rẹ̀ bọnú àìlè-. Etí àwọn baba yẹn mọ́.

Àwọn kan ti dáhùn pé ká kúkú sọ ọ́ di “aláìlèrà”. Ìyẹn tún un ṣe díẹ̀, ó fi ẹni tó ń ṣe é hàn. Ṣùgbọ́n “lè” ṣì wà nínú rẹ̀, “lè” yìí gan-an ló sì ń bí mi nínú jù. Igi wo ni kò lè rà? Ẹ la apá ní ìbú kí ẹ wò ó. Ẹ ó rí ibi funfun lábẹ́ èèpo, ẹ ó rí pupa inú, ààlà àwọn méjèèjì yóò sì hàn ketekete. Pupa inú yẹn ni ikán ń yàgò fún. Ti funfun, jíjẹ ni wọ́n ń jẹ ẹ́, ó sì ń rà bí igi èyíkéyìí. Ọmọ tí a bá ti kọ́ pé apá “kò lè” rà yóò gbé pákó tí funfun wà létí rẹ̀ sínú férémù ilẹ̀kùn. Bí férémù bá jẹ, orúkọ ọ̀gá rẹ̀ ló máa bà jẹ́.

Bàbá mi gbẹ́ igi ní Kàbà títí ọwọ́ wọn ò fi gba ìfági mọ́. Ọ̀dọ̀ wọn ni mo ti kọ́ iṣẹ́, mi ò kọ́ ọ nínú ìwé. Mi ò gbọ́ kí wọ́n sọ láéláé pé igi kan kò lè rà. “Ó ń tọ́jọ́” ni wọ́n máa ń wí. Wọn kì í sì í da ọ̀rọ̀ mẹ́ta yìí pọ̀: igi le, igi wúwo, igi ń tọ́jọ́. Ayín le, òun ni wọ́n fi ń ṣe èkù àáké. Ìrókò ń tọ́jọ́, ṣùgbọ́n kò le tó apá. Apá le, ó wúwo, ó sì tún ń tọ́jọ́. Bí oníbàárà bá wọlé, ọ̀rọ̀ mẹ́ta yìí ni bàbá mi fi ń yan igi fún un. Ẹ̀gbọ́n wá kó ìrókò àti apá sábẹ́ orúkọ kan ṣoṣo, bẹ́ẹ̀ ìyàtọ̀ àárín wọn ni ìwé náà fẹ́ fi kọ́ ọmọ. Ẹ̀sùn mi gan-an nìyí.

Ẹ jẹ́ ká wo iṣẹ́ fúnra rẹ̀. Bí ìrókò bá gbẹ dáadáa, mítà kúbíìkì kan rẹ̀ kì í jìnnà sí 650 kílò. Apá sábà máa ń kọjá 700, òmíràn wọ 800. Ilẹ̀kùn ńlá tí a fi apá kàn yóò máa fa híńjì wálẹ̀ lójoojúmọ́. Nítorí náà, ìrókò ni mo ń fi ṣe ara ilẹ̀kùn, apá ni mo ń fi ṣe férémù rẹ̀ àti àtẹ̀gùn tí ẹsẹ̀ ń tẹ̀ tọ̀sán tòru. Bí apá bá ti gbẹ tán, kì í yí, kì í sì í sún kì tó bẹ́ẹ̀, àmọ́ kì í tètè gbẹ. Ẹni tó bá kánjú kàn án ní tútù yóò rí ìjà rẹ̀. Ẹ má kan ìṣó mọ́ ọn láì kọ́kọ́ lu ihò: bí ìṣó kò bá tẹ̀, igi yóò là.

Apá tún ní ohun kan tí ìwé yẹn kò sọ rárá. Ẹ wo ojú pákó rẹ̀ tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ fá, ẹ ó rí lẹ́búlẹ́bú kan tó pupa rúsúrúsú nínú àwọn ihò wínníwínní ara rẹ̀. Ẹ bu omi díẹ̀ sí i, kí ẹ fi aṣọ funfun nù ún. Àwọ̀ náà yóò mọ́ aṣọ lára, ọṣẹ ò sì ní tètè mú un kúrò. Ẹ má fi í ṣe ibi tí wọn yóò máa sá aṣọ tútù sí. Ìrókò kò ní wàhálà yẹn. Pupa rúsúrúsú lòun náà máa ń wà bí a bá ṣẹ̀ṣẹ̀ là á, ṣùgbọ́n ìmọ́lẹ̀ máa ń sọ ọ́ di àwọ̀ ilẹ̀ díẹ̀díẹ̀; ẹ sọ fún oníbàárà ṣáájú, kó má baà rò pé ẹ pààrọ̀ igi.

Ìrókò náà ní tirẹ̀. Òkúta máa ń wà nínú rẹ̀, funfun, ó ń dì sínú igi láti ìgbà tó ti wà lóòró. Abẹ ìfági á kàn án lójijì, ẹnu rẹ̀ á ya, ọmọ iṣẹ́ á ní ìṣó ló wà níbẹ̀. Lẹ́búlẹ́bú rẹ̀ burú ju òkúta lọ: ó ń yún ara, ó ń di imú, àyà àwọn mìíràn kì í gbà á rárá. Àwọn ọ̀dọ́ máa ń sọ pé àwọn ti ń là á bọ̀ tipẹ́ tí nǹkan kan ò ṣe àwọn. Oòjọ́ kọ́ ni olúwéré ń jà. Ẹ kọ ọ́ sínú ìwé pé kí wọ́n bo imú, kí ẹ kọ ọ́ gàdàgbà.

Ẹni tó bá sì ń kan nǹkan fún ọjà òkè òkun ní láti mọ̀ pé ní ìpàdé CITES, àdéhùn àgbáyé lórí òwò ẹranko àti igi tí wọn ò fẹ́ kó run, tí wọ́n ṣe ní Panama ní 2022, wọ́n fi igi apá ti ilẹ̀ Áfíríkà sára àwọn igi tí èèyàn gbọ́dọ̀ gba ìwé àṣẹ kó tó kó wọn sọdá.

Ní ti ọ̀rọ̀ tí a ó lò, “igi atọ́jọ́” ni tèmi. A- ló wà níwájú rẹ̀, bíi ti akọ̀wé àti apẹja. Igi ló ń ṣe é, kì í purọ́ pé ìdíbàjẹ́ kò lè dé láéláé, ẹnu àwọn oníṣẹ́ ló sì ti wá. Ẹnì kan láti Ìlọrin ti kọ̀wé pé “tó” àti “ọjọ́” ló di tọ́jọ́, òmíràn ní rárá, “tọ́” ni. Ẹ bá ara yín fà á. Ẹni tó mú “igi líle” wá kò ràn wá lọ́wọ́: “hardwood” inú ìwé gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n ń túmọ̀, igi eléwé fẹ̀rẹ̀gẹ̀dẹ̀ ló ń sọ níbẹ̀, àràbà sì wà lára wọn. Ta ló máa pe àràbà ní igi líle?

Àbúrò wa láti Mọ́pà ní ká kọ “ùrókò”, kí ìlà-oòrùn náà lè hàn nínú ìwé. Mo mọ ibi tó ti ń bọ̀, fáwẹ̀lì u yẹn dùn létí mi bó ṣe dùn létí àwọn Èkìtì. Síbẹ̀, ìwé tí ọmọ Ọ̀ṣun àti ọmọ Kwara yóò jọ kà ni. Ó ti sọ fún mi pé òun ò gbà, èmi náà ò tíì gbà.

Ẹni tó sì kọ ọ́ pé kí ará Kogi fi ọ̀rọ̀ Yorùbá sílẹ̀ fún àwọn onílé, mo ti rí i. Ní 1991 ni ìjọba dá ìpínlẹ̀ Kogi sílẹ̀. Ìjọba ò dá àwa Yorùbá ibẹ̀, Òwé, Ìyàgbà, Ìjùmú, Bùnú àti Ọ̀wọ́rọ̀, sílẹ̀ lọ́dún yẹn. Wọ́n bá èdè lẹ́nu wa ni. Onílé ni wá.

Ẹ̀gbọ́n, gbólóhùn tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ fi rọ́pò tiyín nìyí: “Igi atọ́jọ́ ni ìrókò àti apá, ṣùgbọ́n apá le ju ìrókò lọ, ó sì wúwo jù ú lọ.” Lẹ́yìn náà, ẹ padà sí orí kẹta. Ibẹ̀ ni wọ́n ti kọ “àpá”, pẹ̀lú àmì ìsàlẹ̀ lórí a àkọ́kọ́, látòkè délẹ̀. Àpá ni ti ojú ọgbẹ́. Igi ni apá.

Ọmọ Òwé, láti Kàbà.