Kí á tó lẹ̀ ẹ́ àti lẹ́yìn tí a bá lẹ̀ ẹ́ tán: ìrírí àwa tó ń fi sítíkà bo ọkọ̀

Ọmọ Ṣómólú:

Ẹ̀yin ará, mo ti ka ìtàn yín lórí bí ẹ ṣe kọ́ iṣẹ́ wrap, ìyẹn fífi sítíkà bo ọkọ̀. Ọ̀pọ̀ yín ló ń yin ọwọ́ yíyá. Ọwọ́ yíyá dára, àmọ́ lójú tèmi, ohun tó ń jẹ́ kí sítíkà pẹ́ lára ọkọ̀ ni iṣẹ́ tá a ṣe kí á tó lẹ̀ ẹ́, àti èyí tá a ṣe lẹ́yìn tá a lẹ̀ ẹ́ tán.

Àárín àwọn onítẹ̀wé Ṣómólú ni mo ti kọ́ṣẹ́. Ẹni tó bá mọ àdúgbò yẹn mọ̀ pé SAV, ìyẹn sítíkà ọlọ́ọ̀rá tó ní gọ́ọ̀mù lẹ́yìn, ni oúnjẹ wa. À ń tẹ orúkọ ilé iṣẹ́ sí i, à ń lẹ̀ ẹ́ mọ́ bọ́ọ̀sì, mọ́ gíláàsì ṣọ́ọ̀bù, mọ́ pátákó. Nígbà tí àwọn kọ́sítọ́mà wá ń ní ká pa àwọ̀ ọkọ̀ àwọn dà látòkè délẹ̀, àwọn kan rò pé SAV kan náà á ṣe é. Kò lè ṣe é. Róòlù irin gbígbóná ni wọ́n fi ń tẹ SAV tó wọ́pọ̀ lọ́jà, wọ́n á tẹ̀ ẹ́ wọ́n á sì nà án títí yóò fi fẹ́lẹ́, nítorí náà ìgbàkígbà ló ń wá bó ṣe máa súnkì padà. Bí oòrùn Èkó bá ti ń pa á, etí rẹ̀ á máa fà sẹ́yìn, gọ́ọ̀mù á yọ síta, eruku á sì lẹ̀ mọ́ gọ́ọ̀mù náà, á wá di ìlà dúdú yíká ilẹ̀kùn. Èyí tí wọ́n ń pè ní cast yàtọ̀. Ṣe ni wọ́n da òun sílẹ̀ bí omi tó fi gbẹ, ẹnikẹ́ni kò nà án, kò sí ibi tó fẹ́ padà sí. Ó tún fẹ́lẹ́ jù ú lọ, ó sì ń tẹ̀ lé kọ́nà. Irú rẹ̀ ni 3M 2080 àti Avery Dennison SW900. Róòlù wọn fẹ̀ tó 60 ínṣì, ìyẹn ló ń jẹ́ ká fi ẹyọ kan bo bọ́nẹ́ẹ̀tì láìsí ojú ìsopọ̀.

Ọ̀gá tó kọ́ mi ní cast kì í jẹ́ kí ọmọ iṣẹ́ fọwọ́ kan róòlù níbẹ̀rẹ̀. Ọkọ̀ ni wàá kọ́kọ́ máa fọ̀. Omi àti ọṣẹ, lẹ́yìn náà isopropyl, irú ọtí tí wọ́n fi ń nu gíríìsì, lórí aṣọ tí kì í já òwú. Etí ìsàlẹ̀ ilẹ̀kùn, ibi tí wọ́n ti ń da epo sínú ọkọ̀, ẹ̀gbẹ́ rọ́bà fèrèsé: ibẹ̀ ni gíríìsì àti wáàsì ń fara pamọ́ sí, ibẹ̀ náà sì ni sítíkà ti kọ́kọ́ ń ṣí. Bí a bá ní a ti ṣe tán, ọ̀gá á fi ìka nu etí ilẹ̀kùn. Bí ìka bá dúdú, a ó tún un fọ̀.

Ọ̀rọ̀ ọ̀dà ló wá le jù nílùú wa. Tòkunbọ̀ púpọ̀ ló ti gba ọwọ́ pánẹ́ẹ̀bítà kọjá, tí wọ́n ti fín ọ̀dà lé ibi tí wọ́n dí. Sítíkà á mú ọ̀dà bẹ́ẹ̀, inú oníbàárà á dùn, àmọ́ lọ́jọ́ tó bá ní ká ṣí i, ọ̀dà á bá a jáde. Mo máa ń lẹ téèpù líle mọ́ kọ̀rọ̀ kan, màá sì fà á yọ lẹ́ẹ̀kan. Bí ọ̀dà bá tẹ̀ lé e, mi ò ní gba iṣẹ́ náà títí wọ́n á fi tún ọ̀dà ṣe, tí á sì gbẹ dénú. Ọ̀dà tí kò tíì gbẹ dénú ṣì ń tú atẹ́gùn jáde, atẹ́gùn yẹn ló ń di ìléròrò lábẹ́ sítíkà.

Ìgbẹ̀yìn rẹ̀ ni heat gun, ẹ̀rọ ọwọ́ tó ń fẹ́ atẹ́gùn gbígbóná. Ibi tá a bá ti fa sítíkà wọ kòtò bọ́ńpà, á fẹ́ padà bíi rọ́bà ṣòkòtò. A gbọ́dọ̀ mú ibẹ̀ gbóná dé ìwọ̀n tí ilé iṣẹ́ tó ṣe é kọ sílẹ̀, tó máa ń súnmọ́ 100°C, ká sì fi tẹmómítà wò ó, ká má fi ojú díwọ̀n. Heat gun lè jẹ 2,000 watt. Jẹnẹrétọ̀ kékeré tí wọ́n ń pè ní I pass my neighbour kò lè gbé e. Ẹ ro ìyẹn mọ́ owó irinṣẹ́ kí ẹ tó ṣí ṣọ́ọ̀bù.

Ìyá Ìbejì, Ìbàdàn:

Ẹ kú iṣẹ́, bọ̀dá wa. Tíńtì ni mo kọ́ kí n tó bọ́ sídìí wrap. Omi ọṣẹ la fi ń lẹ tíńtì, èèyàn á lè tì í síwá sẹ́yìn; gbígbẹ la ń lẹ wrap, bó ṣe bà lé e ló ń mú. Nígbà ọyẹ́, mo máa ń wọ́n omi sílẹ̀ ṣọ́ọ̀bù kí n tó ṣí róòlù, kí eruku má bàa gbéra. Mo sì bẹ̀ yín nípa abẹ. Bí abẹ bá gé ọ̀dà dé irin, ìpẹtà á bẹ̀rẹ̀ lábẹ́ sítíkà, olówó ọkọ̀ kò sì ní mọ̀. Knifeless tape ni mo ń lò. Okùn tín-ín-rín kan wà nínú rẹ̀ tẹ́ ẹ máa fà, òun ló ń gé sítíkà láìkan ọ̀dà.

Ará Peckham, Lọ́ńdọ̀nù:

Òtútù ni wàhálà tiwa níbí, ẹ̀gbọ́n. Bí ṣọ́ọ̀bù bá tutù, sítíkà á le gbagidi, gọ́ọ̀mù kò sì ní mú. A máa ń gbé ọkọ̀ wọlé kó ti sùn síbi tó móoru kí a tó bẹ̀rẹ̀. Ohun mìíràn ni pé ẹni tó bá pa àwọ̀ ọkọ̀ dà nílẹ̀ yìí gbọ́dọ̀ sọ fún DVLA, iléeṣẹ́ ìjọba tó ń forúkọ ọkọ̀ sílẹ̀, kí wọ́n tún V5C, ìyẹn ìwé ọkọ̀ rẹ̀, ṣe. Mo máa ń sọ fún oníbàárà kí n tó gba owó.

Ọmọ Ṣómólú:

Ó ṣeun, àbúrò. Àwọ̀ wà lórí pátíkúlà ọkọ̀ tiwa náà. Ẹ ní kí oníbàárà lọ yí i padà ní ọ́fíìsì láìsẹ́ńsì, kí ọlọ́pàá má bàa dá a dúró lójú pópó.