Wọ́n kéde pé iná kò ní sí fún ọjọ́ mẹ́ta: ìrírí wa ní Ìkòròdú

Ará Ìgbógbó
Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin ará. Ẹ jẹ́ kí n sọ tiwa. Àtẹ̀jíṣẹ́ wọlé sórí fóònù wa pé wọ́n fẹ́ pààrọ̀ tiransifọ́mà, iná kò ní sí láti Ọjọ́bọ̀ títí di Àbámẹ́ta. Ọ̀pọ̀ wa ò kà á sí, ṣebí ó ti mọ́ wa lára kí wọ́n múná lọ. Alága àdúgbò ló ní rárá, pé bí a ṣe ka àtẹ̀jíṣẹ́ yẹn ni olè náà kà á. Ara mi bù máṣọ. Ẹni tó bá gbé Ìkòròdú lọ́dún 2016 sí 2017, nígbà tí ẹgbẹ́ apànìyàn tí wọ́n ń pè ní Badoo ń wọlé tọ olóorun lóru, tí wọ́n ń fi ọmọ ọlọ pa wọ́n, mọ ohun tí mò ń wí.

Àwa mẹ́ta lọ bá DPO, ọ̀gá ọlọ́pàá tẹ́ṣàn wa, kí ọjọ́ ọ̀hún tó pé. Mo rò pé wọ́n á ní ká lọ kọ̀wé wá ni, àṣé wọ́n á fún wa ní ìjókòó. Wọ́n ní ká ya àdúgbò wa sórí bébà. Wọ́n béèrè ibi tó ṣókùnkùn jù, ẹni tó ń ti géètì, àti àwọn tó ń jáde ní ìdájí. Ìbéèrè ìkẹyìn yẹn ló fi ọkàn mi balẹ̀. Ọ̀gànjọ́ òru nìkan là ń bẹ̀rù, a ò rántí àwọn ìyá tó ń lọ rajà ní Mile 12 láago 5 ìdájí, tówó wà lára wọn.

Mọ́tò kan ṣoṣo ni wọ́n ní, wọn ò fi pa mọ́ fún wa. Wọ́n ní á yí ká láago 9 alẹ́ àti láago 5 ìdájí. Àwọn ọlọ́dẹ wa àtàwọn ẹ̀ṣọ́ àdúgbò ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó ló gba àárín rẹ̀. Wọ́n gba nọ́ńbà mẹ́ta lọ́wọ́ wa, wọ́n ní kí ọ̀kan máa wà ní pípa kí bátìrì má baà tán lára gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà.

Ní ìdájí ọjọ́ kejì, ọkùnrin méjì dúró lórí ọ̀kadà níbi tó ṣókùnkùn yẹn. Bí iná mọ́tò ọlọ́pàá ṣe yọ ni wọ́n ta kìjí. N kò lè búra pé olè ni wọ́n, ṣùgbọ́n gbogbo ìyá ọlọ́jà ló délé láyọ̀.

Ará Ìjẹ̀dẹ̀
Ẹ ṣe é. Tiwa ò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Ẹ̀gbẹ́ wa níbí ni ilé iṣẹ́ amúnáwá Egbin wà, tó lè pèsè iná mẹgawáàtì 1,320, síbẹ̀ òkùnkùn náà là ń bá yí. Wọ́n kéde, kò sẹ́ni tó lọ sí tẹ́ṣàn. Wọ́n já ṣọ́ọ̀bù àbúrò mi lóru, a pe tẹ́ṣàn títí, kò lọ. Ilẹ̀ mọ́ ká tó gbọ́ pé bátìrì fóònù wọn ló kú, ẹ̀rọ amúnáwá wọn ò ní epo. Inú ṣì ń bí mi. Ẹ bá mi fi 112 àti 767 sórí fóònù yín, kò gba owó.

Ará Agric
Ẹ̀yin ará, olè nìkan kọ́ o. Nítorí ìbẹ̀rù olè, aládùúgbò mi gbé jẹnẹrétọ̀ wọ ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó tilẹ̀kùn. Èéfín rẹ̀ ò rùn lọ títí téèyàn á fi mọ̀ pé ó ń pani. Ọlọ́pàá tó ń rìn ká lóru ló gbọ́ ariwo ẹ̀rọ láti inú ilé, ló bá ń gbá ilẹ̀kùn. Ìgbà tí wọ́n ṣí i, àwọn ọmọ ti ń bì, orí ń fọ́ wọn, ìyá wọn ò lè dìde. A gbé wọn sí ìta gbangba, a sì sáré gbé wọn lọ sílé ìwòsàn. Wọ́n yè, mo dúpẹ́.

Ní ọjọ́ kejì, a dá owó ra ṣéènì àti àgádágodo. Ìta ni jẹnẹrétọ̀ gbogbo ilé wa ń sùn báyìí, a ti so wọ́n mọ́ òpó.