Adójútòfò san owó iṣẹ́ abẹ, ṣùgbọ́n wọ́n kọ oògùn homónù tó tẹ̀lé e

Olùkọ́ Ìgbógbó: Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ìyá àti ẹ̀yin àǹtí mi. Ọmọ ọdún 43 ni mí, mo sì ń ṣiṣẹ́ olùkọ́ ní ilé-ẹ̀kọ́ aládàáni kan níhìn-ín ní Ìkòròdú. Ní oṣù mẹ́jọ sẹ́yìn, wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún mi, wọ́n sì yọ ilé ọmọ pẹ̀lú ilé ẹyin méjèèjì. HMO, ìyẹn ilé-iṣẹ́ adójútòfò ìlera, tí ilé-ẹ̀kọ́ wa ń san owó fún ló san gbogbo rẹ̀ láìjanpata. Láti ìgbà náà ni ooru ti ń mú mi lóru débi pé ìrọ̀rí mi a rin gbindingbindin, tí n ó sì dìde lẹ́ẹ̀mejì láti pààrọ̀ aṣọ. Dókítà kọ oògùn ẹ́sítírójìn, homónù tí ilé ẹyin máa ń pèsè, fún mi, ṣùgbọ́n nígbà tí mo dé ojú fèrèsé tí wọ́n ti ń gba oògùn, ọmọbìnrin tó wà níbẹ̀ yí ojú kọ̀ǹpútà sọ́dọ̀ mi kí n fi ojú ara mi rí i pé wọn kò fọwọ́ sí i. Wọ́n ní kí nǹkan oṣù dá jẹ́ ọ̀rọ̀ ọjọ́ orí, kì í ṣe àìsàn. Ṣé ọjọ́ orí ló wá fi ọ̀bẹ yọ ilé ẹyin mi ni? Oṣù kẹta rèé tí mo ti ń fi owó ara mi rà á. Ẹ jọ̀ọ́, kí ni kí n ṣe?

Ìyá Ìbejì, Owútù: Ẹ pẹ̀lẹ́, àǹtí. Kò sí ìyá wa tí kò la ibẹ̀ kọjá. Ẹ wá àgbo tó dára, kí ẹ sì fi owó yín jẹun.

Nọ́ọ̀sì Àgbà, Ìpakòdò: Ìyá Ìbejì, ẹ má bínú sí mi, ọ̀rọ̀ yìí yàtọ̀. Díẹ̀díẹ̀ ni ilé ẹyin àwọn ìyá wa fi ń sinmi, nígbà tí wọ́n bá ń sún mọ́ nǹkan bí ọdún 50, ṣùgbọ́n ọjọ́ kan ṣoṣo ni ti àǹtí yìí lọ. Yàtọ̀ sí ooru, nítorí egungun àti ọkàn ni àwọn dókítà fi máa ń gba irú wọn níyànjú pé kí wọ́n lo homónù títí di nǹkan bí ọdún 51, àyàfi tí ẹni náà bá ti ní jẹjẹrẹ ọyàn tàbí ẹ̀jẹ̀ dídì rí. Níwọ̀n ìgbà tí ilé ọmọ ti kúrò, ẹ́sítírójìn nìkan sábà máa ń tó, nítorí pé awọ inú ilé ọmọ ni a ń dáàbò bò nígbà tí a bá fi homónù kejì, pùròjẹ́sítírójìn, kún un. Bí ẹ bá ń mu àgbo kankan, ẹ jẹ́ kí dókítà gbọ́.

Akọ̀wé HMO tẹ́lẹ̀, Sábó: Ẹ gba ẹ̀dà fọ́ọ̀mù tí ilé ìwòsàn fi ránṣẹ́, kí ẹ sì wo ibi tí wọ́n kọ àìsàn sí. Ẹni tó jókòó sídìí kọ̀ǹpútà kò mọ̀ yín rí. Ohun tó bá wà nínú àpótí kékeré yẹn ló máa fi wé àwọn ohun tí ètò yín yọ sílẹ̀. Ẹ ní kí dókítà kọ ọjọ́ iṣẹ́ abẹ náà, kí ó kọ ọ́ pé ilé ẹyin méjèèjì ti kúrò, kí ó sì sọ ìdí tí oògùn náà fi pọn dandan. Tí wọ́n bá tún kọ̀, ẹ gbà á ní kíkọ, pẹ̀lú ibi tí ó wà nínú àdéhùn. Òfin 2022 sọ adójútòfò ìlera di dandan fún gbogbo olùgbé Nàìjíríà lóòótọ́, ṣùgbọ́n ohun tí ètò kọ̀ọ̀kan ń san yàtọ̀ síra. Bí àdéhùn bá yọ homónù sílẹ̀ ní tààràtà, ọ̀gá yín ló lè bá wọn dúnàádúrà nígbà tí wọ́n bá fẹ́ sọ ọ́ dọ̀tun. Bí àdéhùn kò bá yọ ọ́ sílẹ̀ tí wọ́n sì ń fi yín falẹ̀, ẹ kọ̀wé sí NHIA, àjọ ìjọba àpapọ̀ lórí adójútòfò ìlera, nítorí àwọn ni alábòójútó HMO.

Ọmọ Ìmọ̀ta ní London: Láti oṣù kẹrin 2023 ni ìjọba ti ń ta ìwé ẹ̀rí kan fún oògùn homónù ní ilẹ̀ England níbí. £19.30 ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀, ẹni tó bá sì rà á yóò máa gba oògùn homónù tó wà lábẹ́ ètò náà fún ọdún kan gbáko láìsan owó mìíràn.

Ìyá Ìbejì, Owútù: Ilẹ̀ wọn nìyẹn. Àǹtí, ẹ foríjì mí, n kò mọ̀ pé bẹ́ẹ̀ ló rí.

Olùkọ́ Ìgbógbó: Mo ti rí fọ́ọ̀mù náà. Ohun tí wọ́n kọ síbẹ̀ kò ju pé nǹkan oṣù ti dá, kò sì sí ọ̀rọ̀ iṣẹ́ abẹ níbẹ̀ rárá, bẹ́ẹ̀ dókítà tó ṣe iṣẹ́ abẹ náà gan-an ló fọwọ́ sí i! N ó padà lọ bá a lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun. Ṣé wọ́n lè dá owó oṣù mẹ́ta tí mo ti ná padà?

Akọ̀wé HMO tẹ́lẹ̀, Sábó: Ẹ má fi ọkàn sí i jù, nítorí pé ọ̀pọ̀ ètò ló ń fẹ́ kí a gba kóòdù ìfọwọ́sí lọ́dọ̀ HMO kí a tó ra oògùn. Ẹ ṣáà béèrè. Ẹ sì ya fọ́tò àwọn rìsíìtì náà lónìí, torí pé ọ̀rọ̀ orí ìwé kémíìsì kì í pẹ́ ṣá.