Ṣé "ìjòògùnyó" ni ká pè é, àbí "bárakú"?

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta.

Ẹ̀gbọ́n tó kọ̀wé lánàá ní "ìjòògùnyó" tí àwọn oníròyìn ń lò ti tó fún àìsàn kí èèyàn máa lo oògùn olóró láìlè fi í sílẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́ sà, mi ò gbà. Ẹni tó mu codeine lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo lóde àríyá, tó yó, òun náà ti jòògùn yó. Àìsàn wo ló wà níbẹ̀? Ohun tó ṣe ni ọ̀rọ̀ yẹn ń sọ, kò sọ ohun tó ń ṣe é. Ọtí wá ńkọ́? Ta ní ń pe ògógóró lóògùn? (Àfi ẹni tó ń ta paraga o.)

"Bárakú" ni tèmi. Bárakú ọtí, bárakú igbó, bárakú tramadol. Tẹ́tẹ́ pàápàá bọ́ sí i.

Ẹlòmíì ní ohun tó máa bá ara kú kò gbóògùn mọ́, pé ọ̀rọ̀ náà tilẹ̀kùn mọ́ aláìsàn. Mo ro ìyẹn títí. Ṣùgbọ́n àìsàn bárakú náà la ń pe ẹ̀jẹ̀ ríru àti àtọ̀gbẹ, àwọn tó ní wọn sì ń lo oògùn wọn, wọ́n ń jó lóde. Bẹ́ẹ̀ leléyìí rí: ẹni tó ti jáwọ́ fún ọdún méjì lè tún padà sídìí ẹ̀, ìyẹn ò ní kí ìtọ́jú má ṣiṣẹ́. Lọ́dún 1964, àwọn onímọ̀ Àjọ Ìlera Àgbáyé pa ọ̀rọ̀ tiwọn, "addiction," dà sí "dependence," èyí tó jọ "gbígbára lé." Ìyẹn náà ò tẹ́ mi lọ́rùn: ọmọ ọwọ́ náà ṣáà gbára lé ìyá ẹ̀.

Èyí tó ṣì ń dà mí láàmú ni orúkọ ìnira tó ń dé lẹ́yìn téèyàn bá dáwọ́ dúró. Àbúrò mi kan dá tramadol dúró lójijì. Lọ́jọ́ kejì, ó ń yán ṣáá, imú ń ṣomi, irun ara ẹ̀ dìde, awọ ẹ̀ wá rí bíi ti adìẹ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ tu. Ìyá ẹ̀ ní ibà ni, ó gbé dóńgóyárò kaná. Àwọn ọ̀rẹ́ ẹ̀ ló mọ̀ ọ́n: "Ara ẹ̀ ń bèèrè." "Àìsàn ìjáwọ́" ni mo fẹ́ pè é. Ká ní ìyá yẹn ti gbọ́ ọ rí ni, ilé ìwòsàn ni ì bá gbà lọ. Ti ọtí tún le jù: ẹni tí ọtí ti di bárakú fún, tó bá dá a dúró lọ́jọ́ kan, gìrì lè mú un bí ọmọdé, ó lè kú. Lójú dókítà ló yẹ kó ti jáwọ́.

Ẹni tó bá ní èyí tó sàn ju "àìsàn ìjáwọ́" lọ, kó mú un wá. Ẹ̀yin ará Èkìtì, kí lẹ ń pè é lọ́dọ̀ yín?