Báàgì tí ẹ kò dì, tí orúkọ yín wà lára rẹ̀

Àbẹ̀kẹ́ Ìjẹ̀bú: Ẹ kú ìkàlẹ̀ o. Ìrìnàjò Mẹ́kà ti ń sún mọ́lé, àwọn ìyá wa ti ń tọ́jú owó. Ẹ̀yin tí ẹ mọ̀ nípa oògùn olóró tí wọ́n ń ti bọ báàgì onílé-ọlọ́nà, ẹ jọ̀ọ́, kí ni kéèyàn ṣe kí wọ́n má baà fi ẹrù ẹlòmíràn kó o sí gbaga? Ẹ má wulẹ̀ sọ pé “ká ṣọ́ra”. Ẹ sọ ohun tí ọwọ́ lè ṣe.

Bàbá Tíkẹ́ẹ̀tì: Kìlò tó ṣẹ́kù ni wàhálà ti ń bẹ̀rẹ̀. Bí wọ́n bá fún yín láyè báàgì méjì, tí ẹ gbé ẹyọ kan wá, àyè kan ṣófo lórúkọ yín. Òṣìṣẹ́ tó bá ti bá àwọn oníṣẹ́ ibi mulẹ̀ á tẹ táàgì kejì jáde ní orúkọ yín, á lẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹrù tí ojú yín kò rí rí. Bó ṣe ṣẹlẹ̀ sí ọmọbìnrin akẹ́kọ̀ọ́ kan tó gbéra ní pápákọ̀ òfurufú Kánò lóṣù Kejìlá 2018 nìyẹn. Tramadol ni wọ́n bá nínú báàgì náà ní Sáúdí. Oṣù Kẹrin 2019 ni wọ́n tó fi í sílẹ̀, lẹ́yìn tí ìwádìí tú àwọn òṣìṣẹ́ pápákọ̀ fó. Ní 2025, irú rẹ̀ tún bá èèyàn mẹ́ta láti pápákọ̀ yẹn kan náà.

Nítorí náà, ẹ má kúrò níwájú káńtà kí ẹ tó bi wọ́n pé: “Báàgì mélòó ló wà lórúkọ mi, kìlò mélòó?” Ẹ ka bébà kékeré tí wọ́n lẹ̀ mọ́ bọ́dìn páàsì. Báàgì kan, bébà kan. Nọ́ńbà rẹ̀ gbọ́dọ̀ bá ti ara báàgì mu. Ẹ ya fọ́tò báàgì náà lórí ìwọ̀n, kí táàgì àti kìlò hàn.

Ṣèyí-ò-wù-mí: Bí òṣìṣẹ́ náà bá jẹ́ ọ̀kan nínú wọn, ṣé ó máa fún ẹ ní bébà kejì ni?

Bàbá Tíkẹ́ẹ̀tì: Kò ní fún yín, ìdí tí fọ́tò fi ṣe pàtàkì gan-an nìyẹn. Kọ̀ǹpútà ilé iṣẹ́ ọkọ̀ òfurufú máa ń tọ́jú aago tí wọ́n tẹ táàgì àti ẹni tó tẹ̀ ẹ́. Bí fọ́tò yín bá fi hàn pé báàgì kan lẹ gbé wá ní aago mẹ́jọ, tí táàgì kejì jáde ní aago mẹ́sàn-án, ibi tí ìwádìí máa gbà ti hàn.

Alájọrìn Ìwó: Ẹ fi ti aṣáájú ẹgbẹ́ arìnrìn-àjò kún un. Ó máa ń gba páṣípọ́ọ̀tù ogún èèyàn pọ̀, kó lọ sí káńtà, kí wọ́n ro gbogbo kìlò pọ̀. Ó yá lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó mọ èyí tí wọ́n kọ sí orúkọ ta. Kí kálukú dúró ti ẹrù rẹ̀.

Ìyá Ìbejì: Kò sí “bá mi gbé e dé ọ̀dọ̀ ọmọ mi”. Ó tán.

Ọmọ Ẹlẹ́lùbọ́: Ìyẹn ti le jù. Èlùbọ́ àti ẹ̀gúsí la fi ń ránṣẹ́ sí àwọn ọmọ wa ní London. Ṣé gbogbo wa ti di ọ̀daràn ni?

Ìyá Ìbejì: Bí ẹ bá máa gbé e, ẹ tú u. Èlùbọ́ tí wọ́n ti rán ẹnu àpò rẹ̀ pa, ẹ dà á sínú ọpọ́n, ẹ fi ajọ̀ kù ú, kí ẹ fi ọwọ́ ara yín tún un dì. Ẹ tẹ àtẹ́lẹsẹ̀ bàtà wò. Ẹ ṣí ike ìpara. Bí ẹni tó ni ín bá bínú pé ẹ tú ẹrù òun, ẹ dá a padà fún un lójú ẹsẹ̀.

Nọ́ọ̀sì Wọ́ọ̀dù Kẹta: Ti báàgì lẹ̀ ń sọ, ti inú ikùn ńkọ́? Ìdì oògùn olóró kan tí wọ́n fi rọ́bà wé, tí wọ́n ń gbé mì, sábà máa ń tó nǹkan bíi gíráàmù mẹ́wàá. Bí ẹyọ kan bá bẹ́, tó sì jẹ́ kokéènì, ó ti ju ohun tó ń pa èèyàn lọ. Ara á gbóná, òógùn á bò ó, ọmọlójú á fẹ̀, àyà á máa lù kìkì, gìrì á gbé e. Kò ní ẹ̀rọ̀, iṣẹ́ abẹ kíákíá ni. Ti heroin yàtọ̀: oorun á gbé e lọ, èémí á máa falẹ̀, ọmọlójú á kéré bí ojú abẹ́rẹ́. Oògùn naloxone, tó ń pa agbára heroin, máa ń jí irú ẹni bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n agbára rẹ̀ kì í pẹ́, ìdì sì wà nínú ikùn síbẹ̀. Ẹ má tìtorí pé ó lajú gbé e padà sílé.

Mo bẹ ẹ̀yin ẹbí: ẹ má rọ epo pupa sí i lẹ́nu. Mo mọ̀ pé epo la fi ń pẹ̀rọ̀ májèlé nílé wa, ṣùgbọ́n epo máa ń jẹ rọ́bà, ìdì tó yẹ kó jáde lódindi á wá bẹ́ sínú. Ẹ má jẹ́ kó bì í. Ẹ sọ òótọ́ fún dókítà: kí ló gbé mì, mélòó, ìgbà wo.

Ṣèyí-ò-wù-mí: Ti epo pupa yìí! Ohun àkọ́kọ́ tí ìyá ẹnikẹ́ni máa ṣe nìyẹn.

Ìyá Ìbejì: Mò ń fi í ránṣẹ́ sí gbogbo ẹbí báyìí.

Ọmọ Alápatà: Kí wọ́n dá òfin ikú padà, kí gbogbo eléyìí tán. Bí wọ́n bá yìnbọn pa méjì mẹ́ta, àwọn yòókù á gbọ́n.

Lọ́yà Òkè-Àdó: Wọ́n ti ṣe é rí. Òfin ológun 20 ti ọdún 1984. Lóṣù Kẹrin 1985, wọ́n yìnbọn pa ọ̀dọ́kùnrin mẹ́ta, òfin tí wọ́n sì fi ẹ̀yìn rìn ni: nígbà tí wọ́n mú ọ̀kan nínú wọn, ẹ̀wọ̀n ni ìjìyà ẹ̀sùn rẹ̀. Ní 1986 wọ́n sọ ikú di ẹ̀wọ̀n gbére. Òwò náà kò dúró, ìdí tí wọ́n fi dá NDLEA, àjọ tó ń gbógun ti oògùn olóró, sílẹ̀ ní 1989 nìyẹn. Ẹni tó gbé ẹrù ni ìbọn ń bá. Olówó ẹrù kì í dé pápákọ̀.

Ọmọ Alápatà: Singapore ńkọ́? Heroin tó bá ti lé ní gíráàmù 15, ikú ni.

Lọ́yà Òkè-Àdó: Síbẹ̀ wọ́n ń mú èèyàn níbẹ̀ títí dòní. Ọmọ Nàìjíríà wà nínú àwọn mẹ́jọ tí Indonesia yìnbọn pa lóṣù Kẹrin 2015. Ẹ ka iye olówó ẹrù tó wà nínú wọn fún mi.

Lánlọ́ọ̀dù Àgége: Kí onílé náà gbọ́ o. Abala 12 òfin NDLEA: ẹni tó bá gbà kí wọ́n fi ilé tó wà níkàáwọ́ rẹ̀ kó oògùn olóró pamọ́, ẹ̀wọ̀n ọdún 15 sí 25 ni.

Àbẹ̀kẹ́ Ìjẹ̀bú: Ẹ ṣeun gan-an. Ṣùgbọ́n màmá tí mò ń bèèrè fún kò mọ̀wé kà. Bí wọ́n bá ti wá dé Jẹ́dà tí báàgì àjèjì ń yí bọ̀ pẹ̀lú orúkọ wọn ńkọ́?

Alájọrìn Ìwó: Ẹ so aṣọ àǹkárá kan náà mọ́ gbogbo báàgì wọn, kí wọ́n sì mọ iye rẹ̀ sórí. Èyí tí kò bá ní àǹkárá, kí wọ́n má fọwọ́ kàn án, kí wọ́n má bá ẹnikẹ́ni fà á kúrò lórí bẹ́líìtì. Kí wọ́n kọ́ gbólóhùn Lárúbáwá kan: “Hādhā laysa lī”, èyí kì í ṣe tèmi.

Lọ́yà Òkè-Àdó: Kí wọ́n má tẹ ìka sí bébà kankan tí ògbufọ̀ kò bá túmọ̀ rẹ̀ fún wọn. Kí wọ́n máa tẹnu mọ́ ọn pé àwọn fẹ́ rí ilé iṣẹ́ aṣojú Nàìjíríà, ọ̀kan wà ní Jẹ́dà níbẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ wà nílé ni kí fọ́tò orí ìwọ̀n yẹn wà lọ́wọ́ yín, nítorí fóònù wọn ni wọ́n máa kọ́kọ́ gbà.