Ẹ gbà mí nímọ̀ràn: kí ni kí n wò lára DJ kí n tó gbà á síṣẹ́?

Alábòójútó_Alẹ́
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Èmi ni wọ́n ní kí n bójú tó kílọ́ọ̀bù kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ ṣí, ó sì kù sí mi lọ́wọ́ láti yan DJ tí yóò máa ṣeré níbẹ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Àwọn mẹ́ta ló ti fi orin tí wọ́n so pọ̀ mọ́ra ránṣẹ́ sí mi, wákàtí kan kan. Mo gbọ́ gbogbo rẹ̀ tán, gbogbo rẹ̀ ló dùn, ibẹ̀ gan-an lọ̀rọ̀ náà ti wá rú mi lójú. Ẹ̀yin tí ẹ ń ṣe iṣẹ́ yìí àti ẹ̀yin tí ẹ máa ń jó, kí lẹ fi ń dá DJ gidi mọ̀?

Ẹsẹ̀_Ijó
Ẹ má fi orin tí wọ́n fi ránṣẹ́ yan ẹnikẹ́ni o. Ilé ni wọ́n ti ṣe é, kò sí ẹni tó ń jó níwájú wọn, bí ibì kan ò bá sì gún, wọ́n lè tún un ṣe títí yóò fi gún. Ní kílọ́ọ̀bù, ìgbà tí èèyàn mẹ́rin bá kẹ̀yìn sí ojú agbo ni iṣẹ́ DJ ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ṣé ó rí wọn? Ṣé ó tilẹ̀ gbójú sókè?

Tó bá jẹ́ èmi ni, màá pè wọ́n wá lọ́kọ̀ọ̀kan, màá sì fún wọn ní wákàtí àkọ́kọ́, nígbà tí ilẹ̀kùn ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí tí ojú agbo ṣófo. Kò síbi tí àṣírí DJ ti ń tú bí ibẹ̀. Ẹni tí kò mọ iṣẹ́ yóò kó gbogbo orin tó gbòde jáde kíákíá, torí òfìfo yẹn ń bà á lẹ́rù. Tó bá fi máa di ọ̀gànjọ́ òru, ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀ ò ní rí nǹkan kan fi ṣeré mọ́. Ẹni tó mọ iṣẹ́ yóò jẹ́ kí àwọn èèyàn kí ara wọn, kí wọ́n ríbi jókòó, kí wọ́n máa mi orí díẹ̀díẹ̀. Ohùn ò ní ga jù. Ìlù á máa yára sí i ní ìwọ̀nba, ẹ ò ní fura títí ẹ ó fi rí ẹni méjì tó ti dìde.

Àwo_Méjì
Òótọ́ pọ́ńbélé. Àmọ́ ojú nìkan ò tó, ọwọ́ náà gbọ́dọ̀ mọ̀ ọ́n. Ìlù mẹ́rin-mẹ́rin ni wọ́n fi ń ka ọ̀pọ̀ orin ijó, àwọn mẹ́rin yìí á sì kóra jọ di mẹ́rìndínlógún tàbí méjìlélọ́gbọ̀n kí ohun tuntun tó wọlé: ohùn olórin, béèsì (ohùn ìsàlẹ̀ tó rinlẹ̀), tàbí ìdákẹ́. DJ tó bá ń gbọ́ ìpín yìí máa ń mú orin kejì wọlé níbi tí ìpín ti bẹ̀rẹ̀. Èyí tó kàn bọ́ sáàárín rẹ̀ máa ń da ẹsẹ̀ àwọn oníjó rú, kódà bí ìlù méjèèjì bá ń sáré dọ́gba. Ẹ tún fetí sí béèsì. Tí béèsì orin méjì bá jọ ń dún pa pọ̀, ohùn á dàrú. Ẹni tó mọ̀ ọ́n á ti fa ti àkọ́kọ́ wálẹ̀ kó tó gbé ti èkejì sókè.

Wọ́n máa ń jiyàn lórí bọ́tìnnì sync, èyí tó ń mú ìlù dọ́gba fúnra rẹ̀. Ní tèmi, kò kàn mí bóyá ó tẹ̀ ẹ́. Ohun tó kàn mí ni bóyá ó gbọ́ nígbà tí ẹ̀rọ bá ṣi ìlù kà. DJ kan tó ń jẹ́ Francis Grasso ti ń fi etí mú ìlù orin méjì dọ́gba ní New York ní ìparí àwọn ọdún 1960, kí Technics SL-1200, ẹ̀rọ àwo tí ọ̀pọ̀ DJ wá ń lò, tó jáde ní 1972. Orin àtijọ́ tí èèyàn fi ọwọ́ lu ìlù rẹ̀ kì í sáré bákan náà látìbẹ̀rẹ̀ dópin, ẹ̀rọ sì máa ń ṣi irú rẹ̀ kà. Ẹ ní kó fi ọ̀kan sáàárín orin òde òní méjì, kí ẹ wo bó ṣe máa ṣe é.

Ojú ṣì ló máa ń ṣáájú ọwọ́ ṣá, mo gbà bẹ́ẹ̀. DJ Kool Herc, tí ọ̀pọ̀ èèyàn ń ka ijó tó ṣe ní Bronx ní ọjọ́ 11 oṣù Kẹjọ ọdún 1973 sí ìbẹ̀rẹ̀ hip-hop, ojú rẹ̀ ló kọ́kọ́ rí i pé àwọn kan máa ń dúró de ibi tí ohùn ti dákẹ́ tí ìlù nìkan ń dún kí wọ́n tó bọ́ sójú agbo. Ìyẹn ló mú kó máa gbé àwo kan náà méjì sórí ẹ̀rọ, tí ó ń ti orí ọ̀kan bọ́ sórí èkejì kí ìlù náà má bàa tán.

Ẹlẹ́rọ_Ohùn
Ẹ gba tèmi náà o, torí èmi ni mo máa ń tún sípíkà ṣe lẹ́yìn wọn. Ẹ wo iná orí míksà, ẹ̀rọ tí DJ fi ń po orin pọ̀. Tó bá ti pọ́n tí kò sì kúrò níbẹ̀, ohùn ti ń ya nìyẹn. DJ mìíràn á ní àwọn èèyàn ò gbọ́ òun dáadáa, á tún fi kún un. Bí ìlù bá dún àdúnjù, yíya ló kù.

Ọ̀rọ̀ etí àwọn oníbàárà tún wà ńbẹ̀. Ìlànà NIOSH, àjọ tó ń rí sí ìlera òṣìṣẹ́ ní Amẹ́ríkà, ni pé kí èèyàn má lò ju wákàtí 8 lọ nínú ariwo tó jẹ́ 85 dB (dẹ́síbẹ́ẹ̀lì, ohun tí wọ́n fi ń wọn ariwo). Bí ariwo náà bá fi 3 ròkè, àkókò yẹn á dín sí ìdajì. Ẹ ṣírò rẹ̀ dé 100, ìṣẹ́jú 15 péré ló kù, bẹ́ẹ̀ ariwo kílọ́ọ̀bù ń dé ibẹ̀ dáadáa. Àwọn òṣìṣẹ́ yín tó ń ta ọtí máa wà níbẹ̀ láti alẹ́ dé ìdájí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ra ohun tí wọ́n á fi dí etí fún wọn. DJ tí mo bá rí tó ń lò ó fúnra rẹ̀, mo máa ń fọkàn tán an, torí ẹni tó fẹ́ kí etí òun pẹ́ kì í fi ariwo pa àìmọ̀ọ́ṣe mọ́lẹ̀.

Ẹ bi í pẹ̀lú bóyá MP3 320 (èyí tí wọn ò fún pọ̀ púpọ̀) tàbí WAV (èyí tí wọn ò fún pọ̀ rárá) ló ń lò. Orin tí wọ́n ti fún pọ̀ jù lè dùn lórí fóònù, á wá fẹ́lẹ́ lórí sípíkà ńlá.

Alábòójútó_Alẹ́
Ẹ ṣeun gan-an. Ọ̀kan nínú àwọn mẹ́ta náà ti sọ fún mi pé òun kì í fi orin tí oníbàárà bá béèrè sí, rárá ni. Ṣé kí n torí ẹ̀ yọ ọ́?

Àkójọ_Orin
Ẹ má tíì yọ ọ́. Ẹ bi í nídìí rẹ̀. Bó bá ní orin kan péré lè ba ibi tí òun ń kó agbo lọ jẹ́, òye wà níbẹ̀. Bó bá ní òun kì í ṣe ẹrú ẹnikẹ́ni, ìgbéraga nìyẹn, ẹ jẹ́ kó máa lọ. Ẹni tó wá béèrè orin ń sọ nǹkan fún DJ: bóyá irú orin kan ti pẹ́ jù, bóyá ara àwọn kan ò tíì yá. DJ tó gbọ́n á gba ọ̀rọ̀ náà sínú, ó sì lè má fi orin yẹn gan-an sí.

Ẹnikẹ́ni ò tíì mẹ́nu ba ìmọ̀ orin, bẹ́ẹ̀ òun ni mo fi ń ya DJ sọ́tọ̀ jù. Ta ni kò lè fi orin tó gbòde sí? Ẹni tí mò ń wá ni ẹni tó lè fi orin tí mi ò gbọ́ rí sáàárín méjì tí mo mọ̀, tí mi ò sì ní kúrò lójú agbo. Kí àwọn oníjó tó lè fọkàn tán èèyàn tó bẹ́ẹ̀, ó máa ń gba àkókò. DJ Frankie Knuckles bẹ̀rẹ̀ sí ṣeré ní kílọ́ọ̀bù Warehouse ní Chicago ní 1977. DJ Larry Levan wà ní kílọ́ọ̀bù Paradise Garage ní New York títí wọ́n fi ti ibẹ̀ pa ní 1987. Wọn ò fi ibẹ̀ sílẹ̀ bọ̀rọ̀, wọ́n mọ àwọn oníjó wọn, àwọn oníjó náà sì ń bá wọn lọ síbi tí wọn ò rò. Ẹni yòówù tí ẹ bá mú, ẹ fún un ní oṣù bíi mélòó kan kí ẹ tó dá a lẹ́jọ́.

Àwo_Méjì
Ohun kékeré kan kù: ẹ bi wọ́n pé fíláàṣì mélòó tí wọ́n kó orin sí ni wọ́n ń mú dání. Ọ̀kan ò tó. Ọjọ́ tó bá kọ̀ tí kò ṣí, gbogbo agbo ló máa dákẹ́.

Alábòójútó_Alẹ́
Mo ti gbọ́. Màá pè wọ́n ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, wákàtí àkọ́kọ́, màá sì dúró síbi tí mo ti lè rí ojú agbo àti ojú DJ lẹ́ẹ̀kan náà. Ṣé kí n sọ fún wọn pé ìdánwò ni?

Ẹsẹ̀_Ijó
Ẹ sọ fún wọn, kí ẹ sì sanwó alẹ́ náà fún wọn pé pérépéré, títí kan ẹni tí ẹ ò bá mú. Ṣùgbọ́n ẹ má sọ ohun tí ẹ fẹ́ wò. Nígbà tí wákàtí náà bá ń parí lọ, ẹ wo bó ṣe máa fa agbo lé ẹni tó kàn lọ́wọ́: ṣé ó dúró kí orin onítọ̀hún wọlé dáadáa, àbí ó yọ hẹ́ẹ̀dìfóònù rẹ̀, ó sì bá tirẹ̀ lọ? Tí ẹ bá ti mú ẹnì kan, ẹ padà wá sọ fún wa o.