Ajẹ́ńtì ní dandan ni kí n lo lọ́yà òun, ṣé bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyẹn?

OmoSagamu: Ẹ kúulé o ẹ̀yin tèmi. Mo rí púlọ́ọ̀tì kan ní Ìperu, ilẹ̀ ẹbí ni, a ti yọwó tán, àfìgbà tí ajẹ́ńtì sọ pé lọ́yà òun ló máa kọ àgírímẹ́ǹtì, wọnlẹ̀wọnlẹ̀ òun ló sì máa wọn ilẹ̀, tí mi ò bá gbà kí n máa lọ, ẹlòmíì ń dúró. Àbúrò mi ọkùnrin lọ́yà ni n'Íjẹ̀bú-Òde, mélòó ló fẹ́ gbà lọ́wọ́ mi! Kọ́míṣọ́ọ̀n ẹ̀ mo ti ní mà á san, mi ò bá a jà sí yẹn.

Iya_Ibeji: Èmi gbà fún wọn nígbà tèmi o, torí mò ń kánjú. Ẹ jẹ́ mọ̀ pé owó gan-an kọ́ ló dùn mí. Lọ́yà tó yẹ kó bá mi wádìí ilẹ̀, ọ̀dọ̀ ẹni tó ń ta ilẹ̀ ló ti wá, kí ló fẹ́ bá mi wádìí? Kò béèrè bóyá olórí ẹbí mọ̀ sí i, bẹ́ẹ̀ tí olórí ẹbí ò bá sí níbẹ̀, títà yẹn ò dúró rárá. Ìgbà tí mo gbé ìwé sọ́fè tí wọnlẹ̀wọnlẹ̀ wọn ṣe lọ sí ọ́fíìsì ìjọba tó ń rí sí wíwọn ilẹ̀ l'Ábẹ́òkúta ni wọ́n ní àwọn ò ní ẹ̀dà ẹ̀ lọ́wọ́. Mo tún un ṣe látìbẹ̀rẹ̀.

Alare_NJ: Òfin kọ̀ ọ́ o. FCCPA ti 2018, òfin tó ń dáàbò bo oníbàárà ní Nàìjíríà, ní ẹni tó ń tajà ò gbọdọ̀ fi dandan lé e pé kó o ra nǹkan míì lọ́wọ́ òun tàbí lọ́wọ́ ẹni tóun tọ́ka sí kóun tó ta èyí tó o wá rà. FCCPC, àjọ ìjọba tó ń rí sí òfin yẹn, lẹ máa fẹjọ́ sùn. Níbí ní Amẹ́ríkà, látinú RESPA ti 1974, òfin tó wà fún rírà àti títà ilé, tẹ́ni tó ń talé bá fipá mú ẹ lo iléeṣẹ́ ìnṣọ́ránsì kan pàtó fún ìwé ilé tó o ń fowó bánkì rà, ìlọ́po mẹ́ta owó ìnṣọ́ránsì yẹn ló máa san fún ẹ.

Baba_Pulooti: Ẹ rọra o. FCCPA yẹn kan náà yọ̀ǹda ẹ̀ tí ìrọ̀rùn tó wà nínú síso ọjà méjèèjì pọ̀ bá ju ìnira ẹ̀ lọ fún oníbàárà. Ẹ́sítéètì tí wọ́n ti wọn gbogbo ẹ̀ pọ̀ lẹ́ẹ̀kan, kí lẹ fẹ́ máa mú wọnlẹ̀wọnlẹ̀ tiyín bọ̀ wá ṣe? Ti lọ́yà lèmi náà ò gbà.

OmoSagamu: Ẹ ṣé gan-an. Mo wọkọ̀ lọ bá olórí ẹbí fúnra mi láàárọ̀ yìí. Bàbá ní lọ́yà wo? Àwọn ò rán ajẹ́ńtì níṣẹ́ kankan tó jẹ mọ́ lọ́yà, kí n mú tèmi wá lọ́jọ́ Sátidé. Ajẹ́ńtì ti ń pè mí látàárọ̀, mi ò tíì gbé e.